Èsì: Òkè wo ló wà nínú «agbóhùnòkè»?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lálẹ́ àná, pé ká máa pe tuwítà, ẹnu kékeré inú sípíkà tó ń gbé ohùn tín-ín-rín, ní agbóhùnòkè, ká sì máa pe wúfà, ẹnu ńlá tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀, ní agbóhùnìsàlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, torí àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àmọ́ òkè tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Òkè wo? Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ «ohùn òkè», mí ló máa wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe tuwítà. Mí àti dò tí à ń fi ẹnu pè kì í gbé ọ̀dọ̀ tuwítà rárá. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sábà máa ń gbọ̀n láàárín nǹkan bí ìgbà 80 sí 350 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wúfà ló ń gbé gbogbo ìyẹn. Kapásítọ̀ máíkírò-fárádì 10, èyí tí kì í jẹ́ kí ohùn tó rinlẹ̀ kọjá, ni mo so mọ́ tuwítà tèmi, ohm 8 ni, nǹkan bí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo dán an wò kí n tó kọ̀wé. Sípíkà orí pákó ni mò ń kàn lọ́wọ́, aláìlápòótí, wúfà ínǹsì 12, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ní kí ọmọ mi ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fóònù, mo wá tú wáyà tuwítà kúrò, mo sì gbé e sí i. Igbá, ìgbà, igba, igbà: gbogbo wọn dún ketekete, ohùn kankan kò sọnù. Ó wá kan «wọ́n sá a» àti «wọ́n ṣá a». Mi ò mọ èyí tí wọ́n sá sóòrùn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi àdá ṣá! Mo so wáyà padà, s àti ṣ sì yà kúrò lára ara wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará, wúfà ló ni àmì orí. Àmì tó wà nídìí ṣ ni ti tuwítà.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn náà ni mo fi yan tuwítà tí màá rà. Irú tuwítà tí wọ́n ń pè ní písò kò wọ́n, ṣùgbọ́n s rẹ̀ ń ta bí epo gbígbóná, ṣ rẹ̀ sì ń fẹ́ di s. Dómù ínǹsì kan, tuwítà tí ojú rẹ̀ yọ róbótó bí ìdajì bọ́ọ̀lù, ni mo mú. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ dí, bẹ́ẹ̀ wúfà orí pákó ń dún síwájú, ó ń dún sẹ́yìn. Torí èyí ni Siegfried Linkwitz, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe fi tuwítà kan síwájú, òmíràn sẹ́yìn, lára LX521, sípíkà aláìlápòótí tó ṣe. Màá ra ìkejì bí owó bá dé.

Ẹni tó ní ká pe tuwítà ní akébíẹyẹ, torí igbe ẹyẹ, «tweet», ni àwọn Òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ: àdàbà ń ké, òwìwí ń ké, ṣé ohùn tín-ín-rín ni tiwọn? Ẹyẹ àwọn Òyìnbó nìyẹn. Nígbà tí Rediffusion, rédíò alápòótí tó ń gba ohùn látinú wáyà, dé Èkó ní 1935, àwọn bàbá wa kò wo ẹnu Òyìnbó kí wọ́n tó pe àpótí yẹn ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tó ń ṣe ni wọ́n wò.

Èmi ní ká pe tuwítà ní saworo. Ilé àyàn ni wọ́n ti bí ìyá mi, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Awọ ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń gbé dò, re, mí. Saworo tó yí ojú rẹ̀ ká kì í yí ọ̀rọ̀ náà padà, àmọ́ bàbá ìyá mi kò jẹ́ gbé ìlù tí saworo rẹ̀ bá já kúrò nílé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á fi okùn dè é padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mì í sétí wọn. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílé nìyí, kò wá «a-» kankan.

Bí a bá tilẹ̀ fi òkè sílẹ̀, «gbóhùn» yẹn ńkọ́? Ṣé gbé ohùn ni, àbí gbọ́ ohùn? Ọ̀kan náà ni méjèèjì ń dà bí a bá pa á pọ̀, èyí tó sì ń gbọ́ ohùn, máíkì ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí ná. Ti ẹni tó fẹ́ ká máa pe sípíkà aláìlápòótí ní «oníhòòhò», a ó jọ sọ ọ́ lọ́la, torí mi ò gbà.