Níbo ni òwìwí ti di ẹyẹ àjẹ́?

Ẹ̀yin onímọ̀ Ifá, ẹ gbà mí. Ní Àkúrẹ́ níbí, tí òwìwí bá ké lórí òrùlé, wọ́n á ní àjẹ́ dé, wọ́n á sì sọ ọ́ lókùúta, ẹyẹ tó ń bá wa jẹ eku! Ti àjẹ́ tó ń gun ìgbálẹ̀ kò rú mi lójú: àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé àfọwọ́kọ Faransé kan ti 1451. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà gbà pé ẹyẹ òru kan ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́. Àmọ́ nínú ẹsẹ Odù Ifá Ọ̀sá Méjì tí mo rí, ẹyẹ inú igbá lásán ni wọ́n pe ẹyẹ àjẹ́. Àwọn àgbà tí mo bi kò rí orúkọ mìíràn fún un. Ẹsẹ Ifá tàbí ọfọ̀ Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó wo ló dárúkọ òwìwí gan-an, inú Odù wo ló sì wà?