Tíréè fàdákà màmá mi: kí n tà á ni, àbí kí n tún un ṣe?

Àbíkẹ́ Mọ̀kọ́lá
Ẹ kú ilé o. Màmá mi ṣe nọ́ọ̀sì ní London kí wọ́n tó padà wálé ní 1972. Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, a fa àpótí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn: tíréè ńlá kan, ìkòkò tíì, abọ́ ṣúgà, àti fọ́ọ̀kì mọ́kànlá (ìkejìlá, Ọlọ́run ló mọ ibi tó wọlé sí). Gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò àmàlà. Lẹ́tà EPNS àti orúkọ Sheffield, ìlú kan ní England, ló wà lábẹ́ tíréè, etí rẹ̀ sì ti họ. EPBM ló wà lábẹ́ ìkòkò tíì, ẹnu rẹ̀ ń jò. Oní-kọ̀ńdẹ́mù kan tó ń ti ọmọlanke kọjá ní òun á san ₦4,000 fún gbogbo ẹ̀. Bùrọ̀dá mi ní kí n gbà á, pé kì í ṣe fàdákà rárá. Mi ò tíì dáhùn. Orí tíréè yẹn ni wọ́n máa ń to obì àti orógbó sí bí ìkómọ bá wà nílé wa.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ
Ọmọ mi, bùrọ̀dá rẹ ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Bàbà, síǹkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pò pọ̀ fún EPNS, kí wọ́n tó fi iná mànàmáná lẹ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lára. Elkington ará Birmingham ló gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ní 1840. Fàdákà gidi ti England máa ń ní àmì kìnnìún tó ń rìn. Yẹ àwọn fọ́ọ̀kì yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti ìkòkò tíì, tánńganran (tin) ló pọ̀ jù nínú BM, ìyẹn Britannia metal tó wà lábẹ́ fàdákà rẹ̀. Má gbé e fún wẹ́dà kankan! Bí iná tó fi ń jó géètì bá kàn án, yóò yọ́ bí òrí.

Ìyá Ìbejì Peckham
Àǹtí, ẹ má fi eérú tàbí kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́ o. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì sínú bàsíà oníke, ẹ bu sódà tí a fi ń ṣe kéèkì sí i, ẹ da omi gbígbóná lé e, kí tíréè fara kan fọ́ìlì náà. Á rùn bí ẹyin, torí imí-ọjọ́ ló sọ ọ́ di dúdú. Ẹ má sá. Ibi tó họ ò ní padà o, fàdákà ti tán níbẹ̀.

Sẹ́nétọ̀ Kékeré
Èmi gbé ti bàbá mi àgbà fún àwọn kan tó ní àwọn á bò ó padà. Kúróòmù ni wọ́n fi bò ó! Wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fá gbogbo òdòdó tí wọ́n fín sí i lára. Ó ń dán bíi ti ọ̀kadà tuntun. Nígbà tí màmá mi rí i, wọ́n ní, "Níbo lo ti rà á?"

Bàbá Alágbẹ̀dẹ
Pẹ̀lẹ́. Àwọn tó ń fi fàdákà gidi bò ó wà, àmọ́ owó iṣẹ́ wọn sábà máa ń ju iye tí ẹrù náà máa pa lọ́jà lọ.

Àbíkẹ́ Mọ̀kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe ti fọ́ìlì. Òórùn yẹn! Ọmọ mi ń béèrè ẹni tó só. Tíréè ti funfun, àfi etí rẹ̀ àti àárín níbi tí abọ́ obì máa ń jókòó. Mi ò ní bò ó. Kò sí kìnnìún lára fọ́ọ̀kì kankan. Mẹ́rin tó ti tẹ̀ ti bá oní-kọ̀ńdẹ́mù lọ ní ₦500. Ìkòkò tíì á máa jò lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Bùrọ̀dá mi ti ń béèrè ìpín tirẹ̀.