Lexus IS 250 àti Benz C300: èwo ló tu ẹ̀yin lára?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Lexus IS 250 ọdún 2008 ni mo ń wà, ẹ̀gbọ́n mi ń wa Benz C300 ọdún 2010. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni méjèèjì. Àríyànjiyàn wa ti sú ìyàwó mi, ló bá ní ká pààrọ̀ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kọ́kọ́rọ́ Lexus mi kì í kúrò lápò. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ṣí. Mo tẹ búréèkì, mo tẹ bọ́tìnì, ó ti dáhùn. Àmọ́ síìtì iwájú ni mo fi ń yangàn. Ó lè gbóná, ó sì lè fẹ́ atẹ́gùn gba ojú awọ rẹ̀ jáde. Ta ni yóò tan ìgbóná l'Ékòó? Atẹ́gùn yẹn ṣá, bí mo bá há sí Berger lọ́sàn-án gangan, òógùn kì í mu ẹ̀yìn aṣọ mi. Kì í ṣe gbogbo IS 250 ló ní in o, ẹ wo bọ́tìnì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Benz fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀pá méjì ló wà lápá òsì síárìn. Tòkè ni mo ń gbá nígbà tí mo fẹ́ yà, àṣé cruise control, èyí tó ń di eré ọkọ̀ mú sójú kan, ni. Ọ̀kan ìsàlẹ̀ ló ru trafficator àti waípà pọ̀. Bọ́tìnì síìtì wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n ṣe é bí síìtì kékeré: ibi tó o bá tì í sí ni síìtì rẹ ń lọ. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà ló kọ́ mi.

Màmá wa ló wá dá ẹjọ́. Òde ìyàwó gbé wa lọ sí Abẹ́òkúta, Lexus la gbé lọ. Gèlè wọn kan òrùlé. Láti Ṣàngó dé Ìfọ̀, wọ́n gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́. Benz ni wọ́n bá bọ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, ihò AC tó wà láàárín síìtì iwájú méjèèjì sì ń fẹ́ sí wọn. Mo lọ wò ó: láti àárín táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, Lexus jẹ́ mílímítà 2,730, Benz jẹ́ 2,760. Bí ìbú ìka méjì péré! Màmá ní, “Ara rẹ lo ra ọkọ̀ yẹn fún, kì í ṣe èmi.”

Màmá Ìbejì

Ẹ kú àlàyé, bọ̀dá. C300 lèmi náà ń wà. Ojú tẹlifísọ̀n tó ń yọrí jáde lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn ni àwọn ìbejì mi fẹ́ràn jù, àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń kí i. Rewire kan wá tún AC ṣe lọ́jọ́ kan, ló bá já wáyà tẹlifísọ̀n náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi sunkún.

Ará Chicago

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má fi síìtì gbígbóná ṣe yẹ̀yẹ́. IS 250 ni tèmi náà. Lóṣù Jánúárì níbí, òun ni mo ń tẹ̀ kí n tó fa bẹ́líìtì. Èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn? Láti ọdún mẹ́rin, bóyá mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.