Ta ló ti tẹ̀lé wọn lọ wo ẹyẹ rí? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin ló fà mí jáde lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní wọ́n ń kó èèyàn rìn lọ sétí dáàmù inú ọgbà wọn láti wo ẹyẹ. Mo ní, ẹyẹ kẹ̀? Ẹyẹ tó ń ṣa àgbàdo mi jẹ lẹ́yìnkùlé? Ṣùgbọ́n mo lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la péjọ, àwa mọ́kànlá. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kò ju mẹ́ta lọ, à ń gbà á lọ́wọ́ ara wa.

Ìdí igi kan la pẹ́ sí jù, ẹ̀gà ló kún orí rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀gà, n kò dúró wò ó rí. Akọ ló ń hun ilé. Ó fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e wá, ó fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó tì í bọ inú, ó yí orí, ó fà á yọ lódì kejì, àfi bí ẹni ń di irun. Nígbà tó hun ún tán, ó rọ̀ dirodiro sábẹ́ ilé náà, ó ń gbọn ìyẹ́, ó ń pariwo pe ìyàwó. Abo dé, ó wọlé, ó fẹnu fa ibí, ó fa ọ̀hún, ó jáde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń mú wa rìn ní bí abo bá kọ ilé náà tí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò tún hun òmíràn. Àánú akọ yẹn ṣe mí títí mo fi délé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Èló ni wọ́n ń gbà?

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀:
Ọ̀fẹ́ ni tiwa. Ẹ mú omi dání, kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ìrì ibẹ̀ pọ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú orí ire. Ẹ gbọ́ tèmi.

Àwa mẹ́sàn-án la lọ sí Òwu, ní Òwà Kájọlà, bàbá ọdẹ kan ló ṣáájú wa. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Omi ń já bọ́ láti òkè tó tó mítà 120, gbogbo èèyàn ń sáré kí wọ́n lè débẹ̀ ya fọ́tò. Bàbá ní rárá, ká kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ igi ọdán kan létí odò, ká panu mọ́. A jókòó títí inú fi fẹ́ bí mi. Kòkòrò ń jẹ wá lẹ́sẹ̀.

Àṣé ó mọ ohun tó ń dúró dè. Ẹyẹ ńlá kan fò wá bà sórí ọdán yẹn. Dúdú ni mo kọ́kọ́ pè é, ìgbà tí oòrùn kan ara rẹ̀ ni mo tó rí i pé ó ń dán bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde. Ẹnu rẹ̀ pupa, àtàrí rẹ̀ pupa, iwájú orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó ń sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́, ó ń já èso ọdán jẹ. Bàbá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jẹ́ kó fò ná.” Ó na ìyẹ́, ó fò kọjá lórí odò. Osùn! Ìyẹ́ méjèèjì pupa fòò, bí ìgbà tí èèyàn ṣí àpótí aṣọ ìyàwó. Bó ṣe bà sí òdìkejì tó pa ìyẹ́ dé, osùn náà wọlé, ó tún di ẹyẹ dúdú.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi agbe tó laró, àlùkò tó losùn àti lékelèéke tó lẹfun ṣe àdúrà fún mi, èmi náà sì fi ṣe é fún àwọn ọmọ mi. Mo ti pé ọdún 41 kí n tó fojú rí osùn tí mo ń pè. Omijé bọ́ lójú mi, n kò tijú láti sọ ọ́.

Alfa Òkè-Òyì:
Sùbúhánàlláì. Ẹlẹ́dàá tóbi.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ìtàn dùn, àmọ́ kì í ṣe àlùkò lẹ rí. Àlùkò tí bàbá mi fi hàn mí lóko, àwọ̀ eérú ló ní, ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó máa ń ké bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í jìnnà sí ìdí ìbẹ́pẹ. Kò sí osùn kankan lára rẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Ẹ̀gbọ́n, n kò sọ pé bàbá yín parọ́. Ìbéèrè mi ni pé, bí kò bá sí osùn lára tiyín, báwo ló ṣe wá jẹ́ òun ló losùn?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Kò sí fọ́tò. Bàbá ní ká má mira.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Háà. Kò sí fọ́tò kẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Súọ́lọ́jì:
Ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹyẹ méjèèjì wà, ìdílé kan náà ni wọ́n. Aláwọ̀ eérú tó ń rẹ́rìn-ín ni ìwé ń pè ní Western Plantain-eater. Tó bá fò, funfun lẹ máa rí lára ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n rí ní Òwu jọ Violet Turaco, òun ló ní pupa. Pupa yẹn gan-an ló jẹ́ kí n yan ẹ̀kọ́ yìí: bàbà ló wà nínú rẹ̀. Bàbà tí ẹ mọ̀ yẹn, tó wà nínú wáyà iná. Turacin ni orúkọ àwọ̀ náà, ìdílé ẹyẹ yìí nìkan ló sì ní in. Agbe náà, ọmọ ìdílé yìí kan náà ni. Àwọn baba wa to agbe àti àlùkò tẹ̀léra nínú ọ̀rọ̀ kí ìwé kankan tó sọ pé ẹbí ni wọ́n.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀:
Bàbà! Lára ẹyẹ!

Alfa Òkè-Òyì:
Àbúrò, agbe wà ní Kwara níbí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Súọ́lọ́jì:
Inú igbó ńlá ló ń gbé, Alfa. Èmi kò tíì rí i nítòsí Ìlọrin. Ọ̀dàn ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ Ìpàta:
Ẹ̀yin ń sọ èyí tí ẹ rí. Èyí tí n kò rí mọ́ ló ń dùn mí.

Ìyá tó bí ìyá mi ta ẹran ní ọjà Ìpàta, n'Ìlọrin. Bí mo bá ti ilé kéú dé, ìdí igbá ẹran ni mò ń jókòó sí. Igún ló máa ń tò sórí páànù, wọ́n á ká ọrùn kò bí àgbààgbà tó ń retí ìpàdé. Wọn kì í já ẹran gbà bí àwòdì. Ìgbà tí àwọn alápatà bá palẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gbá gbogbo rẹ̀ jẹ, eegun nìkan ló ń kù. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé àwọn ló ń bá òun gbálẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn kan rìn káàkiri ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù láàárín ìlú, à ń kọ ẹyẹ sílẹ̀. Lékelèéke wà, àwòdì wà, ẹyẹlé wà. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Igún kan ṣoṣo, n kò rí. Ọmọ mi obìnrin tó bá mi lọ bi mí pé báwo ni igún ṣe rí. Ọmọ Ìpàta ni o.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀:
Ó ṣe mí bákan. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti rí i kẹ́yìn, n kò sì fura.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Wọ́n ń tà á. Ẹ dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta orí ẹran gbígbẹ, ẹ ó rí i.

Dẹ́rẹ́bà Òmù-Àrán:
Májèlé náà wà níbẹ̀ o. Wọ́n á fi pa ajá, igún á jẹ òkú ajá, òun náà á kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Súọ́lọ́jì:
Òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ. Igún inú ìlú yẹn, Hooded Vulture, láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu tó ga jù lọ láti parẹ́ ní gbogbo ayé. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pa méjì lọ́jọ́ kan, ó máa pẹ́ gan-an kí àlàfo yẹn tó dí.

Oníṣègùn Òkèlélé:
Mo ti ń kà á látẹ̀ẹ̀kan, mo dákẹ́. Ẹ má fi gbogbo wa sínú àpò kan. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ fún mi: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Àwọn tó ń wá orí rẹ̀ kiri kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà tí yóò jẹ nínú tẹ́tẹ́, ta ló kọ́ wọn?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé oníbàárà kì í béèrè ẹni tó kọ́ ẹni.

Oníṣègùn Òkèlélé:
Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lé wọn padà ní ẹnu ọ̀nà mi.

Ọmọ Ìpàta:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín.

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀:
Tiwa yàtọ̀. Mo kó ọmọ ilé ìwé mẹ́rìnlá jáde lọ wo ẹyẹ. Ibi tí a lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan rí awò lọ́rùn wa, ó ní amí ni wá. Wọ́n dá wa jókòó nínú oòrùn fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n gba ìwé àwọn ọmọ, wọ́n ń kà á. Ọ̀kan bi mí tìbínú-tìbínú pé, “Ta ni Senegal Coucal?” Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ ló dìde dá a lóhùn, “Ẹlúlùú ni, sà.” Ó wá fi ẹnu ṣe ohùn rẹ̀, hu-hu-hu-hu, tó ń lọ sílẹ̀ bí omi tó ń dà jáde lẹ́nu ìgò. Ẹ̀ṣọ́ náà dákẹ́. Ó ní ìyá òun máa ń sáré kó èlùbọ́ wọlé bí ó bá ti gbọ́ ohùn yẹn. Ó fún wa ní omi mu, ó dá awò padà. Síbẹ̀ mo kọ ìwé ẹ̀sùn. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ yẹn, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣètò, ẹ máa gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kó ọmọ ọlọ́mọ jáde.

Dẹ́rẹ́bà Òmù-Àrán:
Ọmọ yẹn gbayì. Ọlọ́run á dá a sí.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni rìn, ọ̀nà ni mo wà. Ìrọ̀lẹ́ ni, ojú ọjọ́ ti ń ṣú, mo rí ẹyẹ kan tó fò níwájú mọ́tò, àwọn kékeré méjì ń lé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó bá yà, wọ́n á yà. Wọn kò fi í sílẹ̀, wọn kò sì bá a. Mo dúró, mo gbàdúrà kí n tó máa lọ. Ó pẹ́ kí èrò ọkọ̀ mi kan tó máa ń lọ wo ẹyẹ tó fi àwòrán hàn mí: ẹyẹ kan ṣoṣo ni! Ìyẹ́ kan gígùn gbọọrọ ló yọ nínú apá kọ̀ọ̀kan akọ, ìdí ìyẹ́ náà kò ní irun, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló fẹ̀. Èyí tí mo pè ní ẹyẹ kékeré méjì nìyẹn. Standard-winged Nightjar ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú ewu.

Kékeré Gáà Àkáńbí:
Ẹ gba Merlin sórí fóònù yín, áàpù tó ń báni dá ẹyẹ mọ̀, èyí tí àwọn Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe. Ẹ lè fi ohùn ẹyẹ pe ẹyẹ wá, kíá lẹ máa rí i, kò sí ìjókòó pẹ́.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Jọ̀ọ́, àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó gbọ́ ohùn yẹn rò pé ẹlòmíràn wá gba ilẹ̀ òun ni. Á fi ẹyin sílẹ̀, á wá jà. Ẹnì kan ṣe é níwájú bàbá ọdẹ wa, bàbá ní kó pa fóònù tàbí kó padà sílé.

Kékeré Gáà Àkáńbí:
N kò mọ̀. Ẹ má bínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Súọ́lọ́jì:
Bó o bá fẹ́ lo fóònù, BirdLasser ni kó o gbà. Òun ni Nigerian Bird Atlas Project, àwọn tó ń kọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, ń lò. Wọ́n ti pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 9. O máa rìn nínú ọ̀kan fún wákàtí méjì ó kéré tán, o máa kọ gbogbo ẹyẹ tó o bá rí tàbí tó o bá gbọ́, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra. Òkè Jos, ní APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ tó wà ní Laminga, ni mo ti bá àwọn tó kọ́ mi pàdé. Àìrí igún tí ọmọ Ìpàta sọ yẹn, bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ nìkan, ìbànújẹ́ ni. Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi, ẹ̀rí ni.

Ọmọ Ìpàta:
Fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́ sí mi. Èmi àti ọmọ mi á rìn ín.

Alfa Òkè-Òyì:
Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ Fúlàní inú gáà. Ọ̀kan tó ń da màlúù lọ́dọ̀ wa sọ fún mi pé lékelèéke mọ ẹsẹ̀ màlúù tó ń lé tata jáde nínú koríko jù, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Mo dúró ṣọ́ ọ. Àwọn mẹ́rin ló tẹ̀ lé màlúù kan ṣoṣo tó ń yára rìn, wọ́n fi èyí tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀:
Lékelèéke tí a ń bẹ̀ fún èékánná funfun nígbà èwe!

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Mo pe ìyá mi lálẹ́ àná nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, ṣé aláwọ̀ eérú tó ń rẹ́rìn-ín lóko Bàbá ni àlùkò? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá mi ń pe gbogbo wọn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìdí ìbẹ́pẹ ló ti ń bá wọn. Wọ́n ní àlùkò tí àwọn mọ̀ nígbà ọmọge, etí odò ló ń gbé, dúdú ni, ìyẹ́ rẹ̀ sì pupa.

Ọmọ Ìgbómìnà, ẹ má bínú. Ṣé bàbá ọdẹ yẹn ṣì ń mú èèyàn lọ?

Ọmọ Ìgbómìnà:
Kò sí ìbínú, ẹ̀gbọ́n. Bàbá wà, ara wọn le. Sátidé tó ń bọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ká pàdé ní gáréèjì Àjàṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹ má wọ aṣọ funfun.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Mò ń bọ̀. Ṣé mo lè mú ìyá mi dání? Ẹsẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, àmọ́ wọ́n lè jókòó sábẹ́ ọdán.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Ẹ mú Màmá wá. Mo máa gbé àga dání.