Bagna càuda fún ènìyàn 6: kí ni kí n ṣe sí áyù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ oúnjẹ agbègbè Piemonte ní Ítálì. Mo fẹ́ se bagna càuda, ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n ń ki ewébẹ̀ bọ̀ jẹ. Ìlànà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Costigliole d'Asti ní 2005 ni mo ń tẹ̀ lé. Mo pín in sí méjì: orí áyù 6, ẹja acciuga oníyọ̀ 300 gíráàmù, òróró ólífì ife wáìnì 3. Ti ẹja kò le: ẹ gbọn iyọ̀ rẹ̀ dànù, ẹ yọ egungun, ẹ fi wáìnì pupa ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ.

Áyù ni wàhálà. Inú ìkòkò amọ̀ ló ń wà, lórí iná jẹ́jẹ́. Tí òróró bá fi lè hó pẹ́nrẹ́n, áyù á pọ́n, á korò, kò sì sí àtúnṣe. Àwọn kan kọ́kọ́ ń fi mílíìkì sè é kó lè rọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà Asti kò dárúkọ mílíìkì rárá. Ṣé mílíìkì ń pa adùn rẹ̀ ni? Tí mo bá lò ó, ṣé kí n da omi rẹ̀ nù?

Cardo gobbo, ewébẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ilẹ̀ kó lè funfun, kò sí lọ́jà mi. Tàtàsé yíyan àti kábéèjì wà. Kí ni mo tún lè fi kún un?