Régúlétọ̀ mi ń le láti fà tí sílíńdà bá ti ń lọ sílẹ̀

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leicester:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé sílíńdà wọ abẹ́ omi nínú wa ni mò ń pè. Mo ra régúlétọ̀ kan (ẹ̀rọ tá a fi ń mí afẹ́fẹ́ sílíńdà lábẹ́ omi), tòkunbọ̀ ni, àbí kí lèèyàn ń pe tòkunbọ̀ nígbà tóun fúnra ẹ̀ ti wà lókè òkun? First stage ẹ̀ (èyí tó so mọ́ sílíńdà) jẹ́ piston àtijọ́ tí ò balanced (ìyẹn ni pé bí agbára afẹ́fẹ́ tó ń wọlé sí i bá yí padà, iṣẹ́ ẹ̀ náà á yí padà), second stage (èyí tó wà lẹ́nu) tí wọ́n so mọ́ ọn wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo gbé e lọ Stoney Cove, adágún táwa tá a ń wọ abẹ́ omi máa ń lò, ní Sátidé, nígbà tí sílíńdà kún ó ń wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ nígbà tó kù bíi 60 bar (bar la fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) ó wá dà bí ìgbà téèyàn ń fi sítírọ́ọ̀ fa ẹ̀kọ tó ti ń dì. Mo ti ra sípánà, mo fẹ́ dẹ sípíríǹgì second stage yẹn lálẹ́ òní.

Ọmọ Ìbàdàn Houston:
Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ nù sábẹ́ omi? 😂

Bọ̀dá Aberdeen:
Àbúrò, gbé sípánà yẹn sílẹ̀ ná. Second stage lò ń bá jà, o ò tíì bi first stage léèrè ọ̀rọ̀. First stage ló ń gba afẹ́fẹ́ 200 bar látinú sílíńdà tó ń sọ ọ́ di bíi 9 sí 10 bar ju ti omi tó yí ẹ ká lọ, ìyẹn la ń pè ní IP, second stage á wá sọ ìyẹn di èyí tí àyà èèyàn lè fà. Piston tí ò balanced bíi tìẹ, bí sílíńdà bá ṣe ń gbẹ ni IP ẹ̀ ń wálẹ̀. Tí second stage náà ò bá balanced, IP yẹn ló ń bá ẹ ti fáàfù ṣí, sípíríǹgì ló ń tì í padà. IP wálẹ̀, sípíríǹgì ò yí padà, àyà ẹ ló máa san ìyókù. Tó o bá wá dẹ sípíríǹgì kó lè rọ̀ ní 60 bar, lọ́jọ́ tí wọ́n bá rọ sílíńdà kún dé 232 fún ẹ, shùùù ni á máa dún kó o tó débi omi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ sílíńdà tó kún la fi ń tún un ṣe.

Wá gééjì IP, ojú hóòsì BCD (jákẹ́ẹ̀tì tá a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí) lo máa kì í bọ̀. Tẹ purge (bọ́tìnnì iwájú second stage) lẹ́ẹ̀mẹta, kó o wo ọwọ́ gééjì. Ó yẹ kó já wálẹ̀ díẹ̀, kó padà, kó dúró gbọn-in. Tó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun Olúmọ, seat (ohun tó ń dí ojú afẹ́fẹ́ pa) inú first stage ti jẹ nìyẹn, kò sóhun tó o lè ṣe sí second stage tó máa wò ó sàn, gbé e fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀mí ò ní sípéà.

Àǹtí Plymouth:
Ẹ ṣé Bọ̀dá. Kí n fi kún un: tí IP bá ti dáa, bu omi sínú síǹkì, kọjú bọ́tìnnì purge sísàlẹ̀, kí ẹnu régúlétọ̀ wà lókè, rọra máa rì í. Tó bá wọlé bíi ínṣì kan sí ínṣì kan àbọ̀ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bó bá dún gbàrà tó kan omi, ó ti rọ̀ jù. Bó bá kọjá ínṣì méjì, ó ti le. Tó bá ń dún lórí ilẹ̀, ṣí ìdérí iwájú, bó bá dákẹ́, lẹ́fà (irin tó ń ṣí fáàfù) ló ga jù tó ń kan diaphragm (awọ rọ́bà iwájú), kì í ṣe sípíríǹgì. Tó o bá máa yí orifice (ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ second stage), tẹ purge mọ́lẹ̀ kó o tó yí i, torí etí ẹ̀ máa ń gé seat bí ọ̀bẹ. Octopus ẹ (second stage àfipamọ́), jẹ́ kó le díẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́nu ẹ lọ. Má sì jẹ́ kó rọ̀ kọjá ààlà o, omi tí ò tó 10 degree, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú báyìí, yìnyín á mú un, kò ní pa mọ́.

Tèmi ni pé kó o wá second stage tó balanced so mọ́ piston yẹn, wíwálẹ̀ IP ò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn ún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leicester:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Mo yá gééjì: 9.6 nígbà tó kún, 8.2 ní 60 bar, ó ń dúró gbọn-in. Nínú omi, ínṣì kan àti díẹ̀ nígbà tó kún, ó kọjá méjì nígbà tó ń gbẹ. Mi ò fọwọ́ kan sípíríǹgì mọ́, second stage tó balanced ni mo máa wá. Ìyàwó mi ní kí n kúrò nídìí síǹkì, ẹ̀fọ́ lòun fẹ́ fọ̀.