"Kírísítálì ṣíṣàn" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "kírísítálì omi"

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ká pe liquid crystal (ohun tó ń ṣàn, tí mólékù rẹ̀ sì tò létòlétò bíi ti kírísítálì) ní "kírísítálì omi", ká pe photonic crystal (ohun tí wọ́n tò létòlétò kí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan má lè gba inú rẹ̀ kọjá) ní "òkúta ìmọ́lẹ̀", ká sì pe yíyí tí wọ́n ń yí àwọ̀ tó ń gba inú wọn kọjá ní "àtúnṣe". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó dá wọn, n ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹni tó bá gbọ́ "kírísítálì omi" á rò pé omi tó dì ni, bẹ́ẹ̀ yìnyín nìyẹn. Ohun tí à ń wí yìí kò ní omi nínú. Ní 1888, ní Prague, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko, yọ́ èròjà kan tó jẹ mọ́ kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù. Ní 145.5°C ó yọ́, ṣùgbọ́n ó rú. Ìgbà tó dé 178.5°C ló tó mọ́ gaara. Otto Lehmann, onímọ̀ físíìsì, yẹ ohun tó rú náà wò, ó rí i pé ó ń ṣàn, síbẹ̀ ó ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ bíi kírísítálì. Ní 1889 ó pè é ní kírísítálì tó ń ṣàn, ní èdè Jámánì. "Kírísítálì ṣíṣàn" bá ohun tó rí mu. Òótọ́ ni pé Georges Friedel ní ilẹ̀ Faransé tako orúkọ náà ní 1922, tó ní ipò àárín, láàárín ohun líle àti ohun ṣíṣàn, ni nǹkan ọ̀hún wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ irú orúkọ tí Lehmann lò ló dúró.

Ní ti "òkúta ìmọ́lẹ̀", etí á máa retí òkúta tó ń tàn. Photonic crystal kì í tàn, dídá ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ wo èyí tó rọrùn jù nínú wọn: ìpele titania kan, ìpele silica kan (èròjà méjì tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá), bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa tò wọ́n léra. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 550 náńómítà (náńómítà kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan mítà), ni wọ́n fẹ́ dá padà, titania á nípọn tó nǹkan bí 57 náńómítà, silica á tó nǹkan bí 94. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á ta padà lójú ìpele kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ yẹn á bára wọn mu, títí àwọ̀ ewé ò fi ní rí ọ̀nà kọjá mọ́.

Ẹnìkan ti dábàá "asẹ́ ìmọ́lẹ̀". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n asẹ́ a máa dá ńlá dúró kí kékeré lọ. Níbí, ìgbì gígùn ń kọjá, ìgbì kúkúrú náà ń kọjá, àárín nìkan ni kò rí ọ̀nà. "Kírísítálì adènà-ìmọ́lẹ̀" ni mo fọwọ́ sí. Àwọn ìgbì tí kò lè kọjá yẹn ńkọ́? Àwọn kan ń pè wọ́n ní "àlàfo". Ẹ jọ̀ọ́, àlàfo ni ibi tí ààyè wà, tí èèyàn lè gbà kọjá! "Èèwọ̀" ló yẹ ẹ́.

Wàyí o, "àtúnṣe". Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ níbí. Wọ́n á fi ìpele kírísítálì ṣíṣàn sí àárín adènà náà, ọ̀nà tóóró, tí ìgbì díẹ̀ lè gbà, á sì là láàárín èèwọ̀. Bí wọ́n bá fi iná mànàmáná sí i, àwọn mólékù tó gùn bí ọ̀pá, tó dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀, á yí dìde. Nínú 5CB, kírísítálì ṣíṣàn kan tí gbogbo onímọ̀ mọ̀, ìwọ̀n bó ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù á wálẹ̀ láti nǹkan bí 1.7 sí nǹkan bí 1.5, ọ̀nà tóóró náà á sì sún sápá ìgbì kúkúrú. Bí wọ́n bá paná, á padà síbi tó wà. Mólékù yí, àwọ̀ náà yí: kí ló tún kù tí "yíyí" ò gbé?

Ìtumọ̀ tí mo fẹ́ ká kọ nìyí: "Yíyí: fífi iná mànàmáná sún ìgbì tó ń gba inú èèwọ̀ adènà-ìmọ́lẹ̀ kọjá, nípa yíyí mólékù kírísítálì ṣíṣàn padà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n síhà ibi tí mólékù náà kọjú sí ló ń kàn, èyí tó ń gbọ̀n ní ìbú kò mọ̀ ọ́n lára." Ẹ má ṣe yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Bí a bá yọ ọ́, ẹni tó bá fi ìmọ́lẹ̀ lásán, tó ń gbọ̀n síhà gbogbo, dán an wò á rí ìlà àwọ̀ tó sún àti ìlà àwọ̀ tí kò kúrò lójú kan, kò sì ní mọ ohun tó fà á.